Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yan ààlà kí wọ́n tó tẹ ẹ̀rọ

Sí Olóòtú,

Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń fi fóònù tàbí ẹ̀rọ ìṣirò ya gíráàfù, tí wọ́n sì gbà pé ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá gbé jáde ló tọ̀nà. Ní ti ìlà títọ́, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti irú y = 2ˣ, níbi tí x ti wà lókè, ẹ̀rọ lè ṣì wọ́n lọ́nà láìparọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ èlé. Bí ènìyàn bá yá ₦100,000 ní èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí èlé sì ń gorí èlé, gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún x ni y = 100,000 × 1.2ˣ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ èyí sínú ẹ̀rọ tí ààlà x àti y rẹ̀ (nọ́ńbà tí gíráàfù ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí sí) ṣì wà láti -10 dé 10, kò ní rí ìlà kankan, nítorí pé iye y tó kéré jù lọ níbẹ̀ ju 16,000 lọ. Á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kí ó fi x sí 0 títí dé 10, kí ó sì fi y sí 0 títí dé 700,000, nígbà náà ni yóò rí i pé gbèsè ti di ₦207,360 lọ́dún kẹrin, tí ó sì ju ₦619,000 lọ lọ́dún kẹwàá. Bí ó bá ya èlé tí kì í gorí èlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ₦120,000 ni méjèèjì lọ́dún kìíní, àmọ́ ₦300,000 péré ni èyí yóò jẹ́ lọ́dún kẹwàá. (Ì bá dára kí àwọn tó ń yáwó lórí fóònù náà wo àwòrán yìí.)

Ti àkámọ́ tún wà níbẹ̀. Àmì ^ ni a fi ń tẹ ohun tó wà lókè sínú ẹ̀rọ. Bí x bá jẹ́ 3, 9 ni 2^x+1, 16 sì ni 2^(x+1). Ẹ̀rọ kò ní béèrè èyí tí a ní lọ́kàn.

Nítorí pé WAEC kò gba fóònù láàyè nínú ìdánwò, àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ rí i ní kíláàsì rárá. Èmi kò fara mọ́ èyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré tí ìdánwò gbà ṣírò iye y mélòó kan sínú tábìlì, kí ó ti ibẹ̀ yan ààlà, kí ó fọwọ́ ya á sórí ìwé gíráàfù, lẹ́yìn náà ni kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láti fi wé tirẹ̀. Mo sì rọ àwọn olùkọ́ láti máa fún ààlà tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn ní máàkì tirẹ̀, kí wọ́n sì ní kí ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi yàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan, Ìbàdàn