Ọ̀rá ORS kan, omi lítà kan

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tí ẹ kọ nípa Dilip Mahalanabis, dókítà ará Íńdíà tó fi ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe) gba ẹ̀mí là, dára, àmọ́ ẹ sáré kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ìyẹn òṣùwọ̀n iyọ̀, ṣúgà àti omi.

Lọ́dún 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ Íńdíà, onígbáméjì ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó mú ní àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Bangaon. Omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára ti ń tán lọ. Mahalanabis ní kí wọ́n wọn gíráàmù 22 gúlúkóòsì, 3.5 iyọ̀ àti 2.5 baking soda fún lítà omi kan. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ ẹnu ọ̀rá pa, wọ́n wá ń pò ó sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ẹnu ẹ̀rọ. Ẹbí aláìsàn ló ń bu ún fún un mu. Ikú já wálẹ̀ sí 3.6 nínú 100. Àwọn mìíràn ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀ pé omi yìí ń ṣiṣẹ́. Òun ló gbà pé kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó lè fún aláìsàn.

Ṣúgà ló ń pọn iyọ̀ kọjá ara ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìyá tó bá da ọ̀rá ORS tó wà fún lítà kan sínú omi 50cl kó lè "lágbára" ti sọ iyọ̀ di àpọ̀jù, ó sì lè fa gìrì. Ṣúgà tí wọ́n bá bù kún un kó lè dùn náà, ṣe ló máa fa omi jáde sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru á wá pọ̀ sí i. Omi inú ọ̀rá pure water méjì, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 50cl lóòótọ́, ni lítà kan. Ẹ kọ́kọ́ ka ara rẹ̀, torí àwọn kan ń ṣe 60cl. Kí wọ́n má pín ìyẹ̀fun náà sí méjì. Bó bá ti pé wákàtí 24, kí wọ́n da èyí tó ṣẹ́ kù nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu 50 sí 100ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ló kù.

Zinc, oògùn tó yẹ kí ọmọ máa lò pẹ̀lú ORS, ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn kì í tà mọ́ ọn: 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Flagyl tí wọ́n ń sáré tà kì í dá omi padà sára ọmọ.

Apòògùn kan,
Ìbàdàn.