Bíìnsì mi, aago méjìlá òru ti lù

Ṣadé, Bíìnsì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni? Ọkọ ẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì gbé yín lọ? Àwa wà ńbí, ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn, ètè gbogbo wa ti bó, òrí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tán nítorí pé Màmá ń fi tiwọn pa ẹsẹ̀ wọ́n tún ń fi tèmi pa orúnkún.

Vóìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, mo ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀rín ló sì ń pa mí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. O ní tíṣà ọmọ ẹ ní Stuttgart níbẹ̀ yẹn ń pe ọmáítì fọ́múlà, èyí tí wọ́n fi ń wá x nínú equation tó ní x² (quadratic equation), ní Mitternachtsformel, fọ́múlà ọ̀gànjọ́ òru, pé bí wọ́n bá jí ọmọ ilé-ìwé láago méjìlá òru tí wọ́n ní kó kà á, ó gbọ́dọ̀ kà á geere kó tó nu ojú. O ní o ò mọ ìgbà tó o bú sẹ́rìn-ín níwájú tíṣà òyìnbó, ó wá ń wò ẹ́ bí ẹni pé orí ẹ ti dàrú. Báwo lo tiẹ̀ ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Àpèjúwe ni tiwọn, àwa ni wọ́n jí!

Ṣé mo lè gbàgbé ni? SS2, 1999, lẹ́yìn ìdánwò tí gbogbo kíláàsì féèlì pátápátá. Àǹtí Ọmáítì ló ń kọ́ wa ní maths, àwọn náà tún ni hàúsì mísírẹ̀sì, ìyẹn ni pé kò síbi tá a lè sá sí. Wọ́n wọ dọ̀mítírì lóru ọjọ́ yẹn, ìró láyà, nẹ́ẹ̀tì lórí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ti tàn án sí ẹ lójú kó o dìde kó o máa kà á nìyẹn. Ó kan Fúnkẹ́, ó kà á. Ó kan ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì, ó kà á dé square root ó bú sẹ́kún. Ó wá kan ìwọ. Ìwọ tó jẹ́ pé àlá oúnjẹ lò ń lá láti ìgbà tó o ti sùn, torí ẹ̀wà ò kárí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa tá a wà ní tábìlì ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan jẹ àfi gààrí. Wọ́n tan iná sí ẹ lójú, wọ́n ní, "Máínọ́ọ̀sì kí ni?" O dìde jókòó, ojú ẹ ṣì wà ní dídì, o fi gbogbo ẹnu dáhùn: "Máínọ́ọ̀sì bíìnsì, Mà."

Ọlọ́run ló yọ wá tí ẹ̀rín ò pa wá. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, mo rí Àǹtí fúnra wọn tí wọ́n sáré darí tọ́ọ̀ṣì sí ògiri ká má bàa rí eyín wọn. A ṣì kúnlẹ̀ di aago méjì sá o, tí gbogbo wa ń kọ ọ́ bí orin ìsọjí: Máínọ́ọ̀sì bíì! Pílọ́ọ̀sì ọ̀ máínọ́ọ̀sì! Square root! Bíì square, máínọ́ọ̀sì fọ́ọ̀ éè síì! Gbogbo ẹ̀ lórí túù éè!

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá mò ń gúnyán lọ́wọ́, Tọ́mi gbé ìwé wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní Mọ́mì, ṣé ẹ mọ quadratic equation. Dádì ẹ̀ wà ní pálọ̀ o, bó ṣe gbọ́ "quadratic" báyìí ló rántí pé ó yẹ kí òun lọ yẹ ẹ́ńjìnnì mọ́tò wò, mọ́tò tí kò tíì kúrò lójú kan láti àná. Èmi náà ṣe gààràgà, mo ní kí ló le níbẹ̀. Mi ò ronú rárá, ẹnu mi ló kà á, ọmọ odó sì ń gbè é. Máínọ́ọ̀sì bíì, gbì! Pílọ́ọ̀sì ọ̀ máínọ́ọ̀sì, gbì! Square root, gbì! Tọ́mi lanu sílẹ̀ ó ń wò mí. Màmá yọjú láti yàrá wọn, wọ́n ní ṣé orin ni wọ́n fi ń gún iyán báyìí.

Ìgbéraga yẹn ò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ náà kọ 2x² − 7x + 3 = 0 sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kí ni b?" (A ni nọ́ńbà iwájú x², b ni ti iwájú x, c ni èyí tó dá dúró.) Ṣadé, ó dà bí ìgbà téèyàn mọ oríkì ẹnì kan látòkèdélẹ̀, tí onítọ̀hún wá kọjá níwájú ẹ̀ lọ́jà tí kò dá a mọ̀. Mo ní méje. Ó ní máínọ́ọ̀sì méje ni. Mo ní máínọ́ọ̀sì ti wà níwájú b tẹ́lẹ̀ nínú fọ́múlà, ṣé a ó tún fún un ní òmíràn ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì á pàdé, á di pílọ́ọ̀sì. Mo dákẹ́. Méje lọ́nà méje jẹ́ 49, mẹ́rin lọ́nà méjì lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 24. 49, yọ 24 kúrò, ó ku 25, square root ẹ̀ márùn-ún, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ibi tí mo ti wá kó bá ara mi ni ìlà. Mo fa ìlà tó wà lókè 2a (ìyẹn 4) sábẹ́ square root nìkan, mo jẹ́ kí méje dá dúró síta, ó di 7 + 5/4, ìyẹn 8.25. Tọ́mi ò bá mi jiyàn (ọmọ yẹn ní sùúrù, mi ò mọ ibi tó ti rí i), ó kàn mú 8.25 padà sínú equation, ohun tó yẹ kó di òdo jáde ní 81 àti díẹ̀. 81 o! Ó wá rọra ní, "Mọ́mì, 2a yẹn, gbogbo wọn pátá ló gbé o." Ṣé o rántí pé àṣìṣe tí wọ́n fi já máàkì mi ní mock nìyẹn? Aláàárù kan náà ni, mo tún gbé ẹrù àbọ̀ lé e lórí, mo fi ìyókù sílẹ̀ ní gáréèjì. Ìgbà tá a fa ìlà yẹn dé abẹ́ méje, 12 lórí 4 jẹ́ 3, 2 lórí 4 jẹ́ ìdajì, ó bá dọ́gba.

Màmá ti fà àpótí jókòó nígbà yẹn. Wọ́n ní èló ni 49 tẹ́ ẹ ń pè yẹn. Mo ní mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ ìwé wọ̀nyí, ẹ ń pariwo máínọ́ọ̀sì máínọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú èyí tó o pè tán yẹn. Mo ní báwo, Màmá? Wọ́n ní àádọ́ta, ṣebí ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò nínú ẹ̀ ni, ẹ wá tún yọ ọ̀kan sí i. Elúbọ́ ni Màmá fi gbogbo ayé wọn tà ní Bódìjà o, wọn ò jókòó ní kíláàsì rí.

Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Aago méjìlá òru gan-an (àwọn Jámánì yín ti ṣépè fún mi), mo wà lórí fóònù, mò ń wá ẹni tó kó wa sí yọ́ọ́yọ̀ọ́ yìí. Fóònù ní Brahmagupta kan wà ní Íńdíà tó ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé ẹ̀ ní 628. Ní Brazil, fọ́múlà Bhaskara ni wọ́n ń pè é, ọmọ Íńdíà mìíràn tí wọ́n bí ní 1114, o ò rí i pé ẹni tó pẹ́ dé ló gba orúkọ. Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ràn nínú wọn ni al-Khwarizmi, ní Baghdad, ní nǹkan bí 820. Inú orúkọ ìwé ẹ̀ ni wọ́n ti mú "algebra" jáde. Kò sí x nínú ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀. Ìṣirò ẹ̀ kan ni pé square kan àti root ẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, àpapọ̀ wọn jẹ́ 39, èló ni root? Bàbá yìí ò wá ọmáítì kankan, ó yàwòrán ni.

Nígbà tó di Sátidé, èmi àti Tọ́mi mú kàlẹ́ńdà àtijọ́ àti sísọ́ọ̀sì, a jókòó sórí ẹní. A gé square kékeré kan, a díbọ́n pé a ò mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Mẹ́wàá yẹn, bàbá náà pín in sí márùn-ún márùn-ún, torí náà a gé pépà méjì sí i tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì márùn-ún, tí fífẹ̀ ẹ̀ sì bá ti square kékeré yẹn mu, a fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, a fi ìkejì sí ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 39. Mo ti fẹ́ máa wo fóònù fún ohun tó kàn nígbà tí Màmá na ìka láti orí àga, wọ́n ní, "Igun kan ṣófo níbẹ̀ yẹn. Ẹ dí i."

Ínṣì márùn-ún níbùú, márùn-ún lóròó, 25. A dí i. 39 àti 25 jẹ́ 64, pépà wá di square ńlá kan tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, yọ márùn-ún tó o fi kún un, ó ku mẹ́ta. Ó tán! Bíìnsì, completing the square! Láti 1999 ni mo ti ń pe orúkọ yẹn, mi ò mọ̀ pé square kan wà níbì kankan tí wọ́n ń parí ẹ̀. Mo rò pé orúkọ lásán ni, bí èyí tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn dánfó. Ọmáítì tí wọ́n torí ẹ̀ jí wa yẹn, igun yẹn náà ni, ẹnì kan kàn fi a, b àti c dí i dípò nọ́ńbà, kó má bàa di pé lójoojúmọ́ lèèyàn ń gé kàlẹ́ńdà.

Tọ́mi ní fọ́múlà fún òun ní ìdáhùn kejì, máínọ́ọ̀sì 13, kí ló dé tí bàbá Baghdad ò kọ ọ́? Mo ní square ni bàbá náà ń yà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò lè dín ní òdo. Màmá ní àfi ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ bá tà fún èèyàn. Ẹ̀rín pa Dádì Tọ́mi débi pé wọ́n rántí wọlé láti ìdí mọ́tò.

Tọ́mi gba 8 nínú 10. Méjì tó sọnù, ìlà ni. Kò dé abẹ́ méje. Ọmọ mi ni lóòótọ́.

Elúbọ́ tó o ní kí n bá ẹ wá, mo ti rí i, ó funfun dáadáa, mo máa fi rán ẹni tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú ata gígún àti egúsí. Ẹ̀wà olóyin nìkan ni mi ò lè fi sí i, láti 2015 ni EU ti fòfin dè é pé ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ yín. Máínọ́ọ̀sì bíìnsì. O ti ríran láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Bá mi kí ọkọ ẹ àti àwọn ọmọ. Aago wa àti tiyín ti bára mu báyìí tẹ́ ẹ ti wọ ìgbà òtútù, torí náà mo máa pè ẹ́ lálẹ́ Friday, aago méjìlá lù báyìí. Tó o bá gbé e, má sọ hẹ̀lóò, máa kà á lọ.

Èmi ni,
Bùnmi orí bẹ́ẹ̀dì òkè