Abẹ́rẹ́ aboyún tí a ń gbà n'Ìbàdàn kò ká ikọ́ àwúbì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní kí àwọn aboyún má yọ ara wọn lẹ́nu lórí ikọ́ àwúbì (whooping cough), pé ẹni tó bá ń lọ sí kílíníìkì déédéé ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ẹni náà wí, nítorí ohun tí èmi náà gbà gbọ́ nìyẹn títí di oṣù tó kọjá.

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá. Oyún mi kejì pé ọ̀sẹ̀ 26 báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pè mí lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ ikọ́?" Mo ní mo ti gbà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gún mi. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò káàdì mi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní, "Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi." Mo kà á: Td. Wọ́n ní, "T ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, d ni dífítíríà. Ikọ́ dà níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ kílíníìkì tó tẹ̀ lé e, mo bi nọ́ọ̀sì léèrè: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé abẹ́rẹ́ tí ẹ gún fún mi ká ikọ́ àwúbì?" Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo àwọn èèyàn tó jókòó lẹ́yìn mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "Màmá, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀." Mi ò jiyàn. Láti aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ìdúró, obìnrin tí wọn kò tíì dá lóhùn sì ju ogójì lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ kọ́ ló wà nínú ẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Td tí ìjọba ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì tó máa ń mú ọmọ tuntun láti ojú ìwọ́, àti dífítíríà, àrùn ọ̀fun tó ṣọṣẹ́ ní Kánò ní 2023. Abẹ́rẹ́ tó dára ni, ẹ má ṣe tìtorí lẹ́tà mi yìí sá fún un. Ọmọ náà, tí wọ́n bá bí i, á gba BCG ní apá, wọ́n á kán ti rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n á fún un ní ti àrùn ẹ̀dọ̀. BCG yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa, torí wọ́n ní ti ikọ́ ni. Ikọ́ ife ni tirẹ̀, ikọ́ ife àti ikọ́ àwúbì kò sì bára tan. Èyí tó ní ikọ́ àwúbì nínú ni pẹ́ńtà, alárùn márùn-ún tí wọ́n ń gún sí itan ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ọjọ́ 42. Gbogbo ogójì ọjọ́ tí ìyá àgbà fi ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tí aládùúgbò ń wọlé wá kí ìyá ọmọ tàwọn ti ẹ̀bùn lọ́wọ́, ọmọ yẹn kò ní ohun kan lára tó lè fi bá ikọ́ náà jà, àfi èyí tí ìyá rẹ̀ bá gbé fún un láti inú oyún. Kódà lẹ́yìn pẹ́ńtà àkọ́kọ́, ààbò náà kò tíì kún.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds ni wọ́n máa ń pè ní Tdap níbòmíràn. P tó wà nídìí rẹ̀ ni pertussis, orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ikọ́ àwúbì. Bí aboyún bá gbà á, ara rẹ̀ á pèsè ohun tó ń gbógun ti kòkòrò náà láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan yẹn á sì gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́ ni abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà tí a ti ń gbà á láti ayé àwọn ìyá wa, tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá pé kí ló dé. Kì í pẹ́ lára ìyá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, lẹ́yìn tí ikọ́ náà bẹ́ sílẹ̀ tó pa ọmọ ọwọ́ 14 láàárín ọdún kan. Láti ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n ti ń fún aboyún níbẹ̀ báyìí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọ̀sẹ̀ 27 sí 36 ni. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2015 pé kí orílẹ̀-èdè tí ikọ́ yìí bá ti ń pa ọmọ ọwọ́ rò ó wò bóyá wọ́n á fi kún ètò wọn.

Èmi ti fẹ́ gbà á. Ìyá ọkọ mi ni kò fẹ́.

"Ìyàwó mi, abẹ́rẹ́ mélòó ni wọ́n fẹ́ gún mọ́ ọmọ yìí nínú?" Wọ́n ní aya àbúrò àwọn kan gba abẹ́rẹ́ nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù kẹta, kò pé ọ̀sẹ̀ kejì tí oyún fi wálẹ̀. Mi ò ní pe ọ̀rọ̀ àgbà ní irọ́. Mo ṣáà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oyún ló ń wálẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, yálà ẹnikẹ́ni gún abẹ́rẹ́ tàbí kò gún un, àti pé oyún máa ń ti kọjá ibẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fúnni ní Tdap. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aboyún tó lé ní 20,000 tó gbà á wò, wọn kò rí i pé òkú ọmọ pọ̀ sí i láàárín wọn. Kòkòrò ààyè kankan kò sí nínú rẹ̀. Apá á dunni, ara lè gbóná díẹ̀, ó lè rẹni fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ni kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Wọn kò dáni lẹ́bi fún ìbẹ̀rù, òyìnbó náà bẹ̀rù rí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ariwo ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé abẹ́rẹ́ ikọ́ àwúbì ti àwọn ọmọdé ń ba ọpọlọ jẹ́. Nínú ọmọ 10, bí 8 ló ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ó já sí bí 3. Ikọ́ náà padà wá jà wọ́n láyà.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ìyá yìí gan-an mọ ikọ́ náà ju èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní agbo ilé wọn ní Òjé ni wọ́n rí i. Wọ́n ní ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn lásán, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ọmọ á wú u, á wú u, kò ní ráyè mí, ojú á pọ́n, ètè á dúdú, á wá fa èémí wọlé bí àkùkọ tó fẹ́ kọ, á sì bì gbogbo ohun tó jẹ. Orógbó, àgbo, oyin, wọ́n lo gbogbo rẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, oyin kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.) Mo bi wọ́n pé àwọn ọmọ tuntun ńkọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn yẹn kì í wú u. Wọ́n á kàn dákẹ́."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kà fún mi láti inú ìwé pélébé tí wọ́n fún wọn ní Leeds nìyẹn: pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lè má wúkọ́ rárá, kó kàn dá èémí dúró. Oògùn wà tí ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n bí a bá pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ikọ́ á ṣì máa bá a lọ.

Síbẹ̀, ìyá kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n ní bí mo bá máa gbà á, kí n má jẹ́ kí àwọn mọ ọjọ́ tí mo lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a ṣáà máa ṣọ́ ọmọ. Níbo? N'Ìbàdàn yìí? Ọjọ́ kẹjọ la ó kó ọmọ jáde, apá tó máa gbà á á lé ní ogún kó tó di ọ̀sán. Àgbàlagbà kì í mọ̀ pé ikọ́ àwúbì ló ń ṣe òun, ikọ́ lásán ni lójú tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà tó ti ń wúkọ́ láti ìgbà ọyẹ́, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ọmọ láti ṣàdúrà fún un. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó?

Ká tilẹ̀ ní aboyún ti pinnu, ibi tó ti máa rí i gbà ni ọ̀ràn. Tdap kò sí nínú ètò ọ̀fẹ́ ìjọba. Mo pe ilé ìwòsàn aládàáni mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ní àwọn kò ní in. Èkejì bi mí bóyá mo fẹ́ lọ sí òkè òkun ni. Ẹ̀kẹta ní kí n sanwó sílẹ̀, àwọn á bá mi béèrè fún un. Owó ọ̀hún jẹ́ iye tí mo máa gbà lórí aṣọ ẹbí obìnrin mẹ́rin, ìránṣọ àti ìlà. Ẹni tó bá rí i gbà kó mú káàdì rẹ̀ dání o, nítorí T àti d wà nínú Tdap, ó lè dípò ọ̀kan nínú Td tó kù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni kí ẹ bá wa bi iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ léèrè bóyá wọ́n ń ronú láti mú un wọlé. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ orúkọ àrùn tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dènà sára ògiri kílíníìkì ní Yorùbá, kí wọ́n kọ èyí tí kò dènà náà. A máa ń pàtẹ́wọ́ kọrin lórí àwọn àrùn yìí ní gbogbo ọjọ́ kílíníìkì. A lè gba òótọ́ náà.

Abẹ́rẹ́ tèmi á dé ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti sọ nílé pé mo ń lọ ra òwú àti bọ́tìnì ní Gbági. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí jáde ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi sí i. Ìyá kì í ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kà á fún wọn pọ̀.

Aránṣọ kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.