Fọ́tò ìbejì kì í ṣe irọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àpilẹ̀kọ yín tó ní irọ́ ni gbogbo fọ́tò tí a bá ti tọwọ́ bọ̀. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò a máa tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọ wà pa pọ̀; bí wọ́n bá sì jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù ni yóò wọ aṣọ ọkùnrin ya fọ́tò kan, tí yóò tún wọ ti obìnrin ya èkejì. Ta ni wọ́n tàn jẹ? Gbogbo ilé ló mọ̀. Iṣẹ́ ère ìbejì ni fọ́tò náà ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì pe ère ní òpùrọ́ rí. Àwọn tó ń fi fọ́tò lu jìbìtì ni kí ẹ dojú kọ.

Èmi ni tiyín,
Onífọ́tò kan, Òṣogbo.