Ìkéde fún Onílé àti Ayálégbé: Gọ́tà Ni Ká Kọ́kọ́ Tún Ṣe

A kí gbogbo ará ẹ́sítéètì wa l'Óṣogbo. Kì í ṣe àìkun ilé ló ń ba àdúgbò wa jẹ́, omi ni. Bí gọ́tà bá dí, omi á wọ abẹ́ títì, ilẹ̀ á rọ̀, títì á sì di kòtò.

Kí òjò tó le, kí kálukú kó yẹ̀pẹ̀ gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ẹ má kó o sí etí gọ́tà o. Òjò kan ló máa gbá a padà.

Níbi tí a ó ti tún un ṣe, kọnkéré rẹ̀ ni símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, yanrìn ìwọ̀n 2, òkúta ìwọ̀n 4. Kí ìsàlẹ̀ gọ́tà máa fi sẹ̀ǹtímítà 1 relẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa bomi rin kọnkéré náà fún ọjọ́ 7. Kí ìdérí gọ́tà ṣeé ṣí, nítorí gọ́tà tí a bá rẹ́ pa kò ṣeé kó mọ́.