Ẹnu dídùn nìkan kọ́ ló ń ta ọjà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ni nínú iṣẹ́ ọjà títà ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, Ìbàdàn ni a sì ti ń kọ ọ́. Àwọn ènìyàn ti gbà pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn ni ọjà rẹ̀ ń tà, pé ẹni tí kò bá lẹ́nu, kó yáa lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn. Ìgbàgbọ́ yìí ń pa àwọn ọ̀dọ́ tó ń tajà lára. Ohun tó ń ta ọjà lójú àwùjọ ni pé kí ẹni tó ń gbọ́ mọ ohun tí ọjà náà máa ṣe nínú ilé tirẹ̀, kó mọ ohun tí kò lè ṣe, kó sì mọ iye tó máa ná an. Akólòlò pàápàá lè ṣe èyí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjà ilé ti ń tà báyìí. Ẹgbẹ́ fẹ́ ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi iná inú báàtìrì gbé ilé nígbà tí iná bá lọ, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pe oníṣòwò kan, wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú 10. Ó dìde, ó ní: “Ọjà mi yìí, 1kVA ni, báàtìrì rẹ̀ jẹ́ 12V, 200Ah.” Àwọn ìyá àti bàbá tó jókòó mi orí. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó rà. Ta ló máa nawọ́ sókè láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò yé òun? Ẹlẹ́kọ tó ń kiri láàárọ̀ kì í sọ irú àgbàdo tó lọ̀. “Ẹ̀kọ gbígbóná” ló ń ké, torí gbígbóná yẹn ni ẹni tí òtútù ń mú fẹ́ gbọ́.

Iṣẹ́ ẹni tó ń tajà ni láti ti ṣe ìṣirò náà nílé kó tó wá. V ni agbára tí báàtìrì fi ń ti iná jáde, Ah ni ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú. 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400, ìyẹn wáàtì-wákàtí (iye wáàtì lọ́nà iye wákàtí tí a fi lò ó) tó wà nínú báàtìrì tó kún. Báàtìrì olómi kì í fẹ́ ká fa iná inú rẹ̀ kọjá ìdajì. Bí a bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Ó ku 1,200. Ẹ wá ka ohun tí ìdílé ń lò lálẹ́: gílóòbù 4 tó jẹ́ wáàtì 10 níkọ̀ọ̀kan, 40 nìyẹn, fáànù kan, 60, tẹlifíṣọ̀n kan, 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Bí a bá fi 180 pín 1,200, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 6 àbọ̀. Ṣùgbọ́n ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú iná yẹn, báàtìrì náà á sì máa darúgbó. Ẹ sọ 5. Gbólóhùn tó yẹ kí ẹ gbé dé ìpàdé ni pé: “Bí iná bá lọ ní agogo 7 alẹ́, gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan àti tẹlifíṣọ̀n kan á máa ṣiṣẹ́ títí di agogo 12.” Ẹni tó bá sọ wákàtí 6 àbọ̀, tí iná wá kú ní agogo 12, ti di òpùrọ́ lójú oníbàárà. Ẹni tó sọ 5 tí oníbàárà wá rí 6, àdúrà ni wọ́n á máa gbà fún un.

Ẹ sì sọ ohun tí ọjà náà kò lè gbé, kí ẹ tó jókòó. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń jẹ tó wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ bíi wáàtì 800 ni ínfátà 1kVA sábà máa ń gbé. Ẹ̀rọ tó ń fa omi náà kò ṣe é gbé lé e, torí iná tó ń gbà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra pọ̀ fíìfíì ju èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń yí lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wọn sọ èyí síta. A ò gbà pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí ẹ bá dárúkọ ohun tí ọjà yín kò lè ṣe ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìyókù gbọ́. Òótọ́ ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, àmọ́ nídìí ọjà, odidi ni kí ẹ sọ.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ńkọ́? A ò lè dìde níwájú àgbà ká kàn máa polówó. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, ẹ kí alága, ẹ kí àwọn àgbà lápapọ̀, ẹ kí gbogbo ilé kú ìjókòó, ó parí. Kò yẹ kó kọjá ìdajì ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ní ẹ ó máa dárúkọ olóyè kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbàgbé ẹnì kan, ẹni tí ẹ gbàgbé yẹn ló sì máa kọ́kọ́ ní ọjà yín wọ́n. Àwọn ìwé òyìnbó tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ máa ń ní ká tẹjú mọ́ ènìyàn. Níwájú àgbà wa, ìyẹn lè di àfojúdi. Iwájú orí ni kí ẹ máa wò, gbólóhùn kan sí apá kan gbọ̀ngàn, gbólóhùn tó tẹ̀lé e sí apá kejì. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, wọ́n á rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Bí wọ́n bá gbé máìkì fún yín, kó jìnnà sí ẹnu tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kó sì wà nísàlẹ̀ ẹnu díẹ̀, kí èémí má baà máa fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ bo orí onírin rẹ̀, ẹ má sì dúró níwájú sípíkà, àpótí tí ohùn ń gbà jáde. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ ló ń padà wọ inú máìkì, òun ló ń fa híhan burúkú tí gbogbo ènìyàn fi ń di etí. Bó bá ti han, ẹ bọ́ sẹ́yìn sípíkà. Gbígbá tí àwọn kan máa ń gbá máìkì lórí yẹn kò wo nǹkan kan sàn.

Ẹ jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ bá yín sọ lára ọ̀rọ̀ náà. Ẹ so fáànù àti gílóòbù mọ́ ínfátà kí ẹ tó lanu, kí ẹ sì ní kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gù kúrò lára ògiri. Fáànù ń yí lọ. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n rí i, ẹ má sì pa á títí ẹ ó fi parí ọ̀rọ̀. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló máa ń ba ìgbà yìí jẹ́: báàtìrì tí wọn ò gba iná sí láti àná, wáyà tí kò dé ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, gílóòbù tó ti jó. Ẹ débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ mú wáyà mítà 5 àti gílóòbù kan sí i dání.

Ìdí owó ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ohùn á lọ sílẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀tìjú á dé, wọ́n á ní “owó rẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀,” wọ́n á sì ti dín in kù kí ẹnikẹ́ni tó ná an. Ohun tí àwùjọ gbọ́ ni pé iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kì í ṣe òótọ́. Ká ní ₦480,000 ni ọjà náà. Ẹ pe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi ń sọ ìyókù, kí ẹ wá sọ ti oṣooṣù: ₦60,000 fún oṣù 8. Ẹ sọ bóyá owó wáyà àti owó iṣẹ́ oníná wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń le fún ẹni tó ń tajà ju oníbàárà lọ. Àwọn tó jókòó ń ṣírò owó oṣù wọn lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá sọ ti oṣooṣù nìkan tó sì fi àpapọ̀ pamọ́, wọ́n á ṣírò rẹ̀ nílé, tìbínútìbínú ni wọ́n á sì fi padà wá.

Ẹ bá wa bi àwọn tó ń gbé àwòrán ọjà sórí WhatsApp, tí wọ́n ń kọ pé kéèyàn wá bá wọn ní kọ̀rọ̀ fún iye rẹ̀: ta ni wọ́n ń fi pamọ́ fún? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà ní kí iye owó máa hàn lára ọjà tí a bá pàtẹ, ó sì ka ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nípa ọjà léèwọ̀.

Ẹni tó bá ní “ó wọ́n” lè máa sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: kò sówó lọ́wọ́ òun báyìí, òun ti rí èyí tó dínwó níbòmíràn, tàbí òun ò tíì rí ohun tó máa ṣe fún òun. Ẹ má dín owó kù kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́. Ẹ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ ṣeun mà. Kí ni ẹ fi wé e?” Ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ oṣù tí wọ́n máa fi san án ni. Ti ìkejì, ẹ fi báàtìrì wé báàtìrì, kí ẹ sì sọ iye ọdún ìdánilójú tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ti ìkẹta, ẹ padà sídìí fáànù tó ń yí.

Àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì mọ apá kan nínú iṣẹ́ yìí dáadáa. Àìsàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ti tẹ́tí sílẹ̀ kó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹ mú ìlànà yẹn lò. Oògùn kan ṣoṣo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro àti ojú tó ń ṣe bàìbàì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Níbi tí a ò ti ta nǹkan kan náà, bákan náà ló rí. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn onílé àdúgbò tún gọ́tà ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti dá àdúgbò sílẹ̀. Ibi tí omi ti ń wọlé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó wá sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, iye tí onílé kọ̀ọ̀kan máa dá, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé, àti ẹni tí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó lọ wá iṣẹ́, tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, ohun kan tó ti ṣe tó jọ iṣẹ́ tuntun yẹn, ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, kíkà á nínú kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ dìde dúró, ẹ sọ ọ́ síta nígbà mẹ́ta, kí ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ owó nìkan ni kí ẹ há sórí; ẹni tó há gbogbo rẹ̀ sórí, bí ìlà kan bá bọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa tú. Ẹ kọ kókó ìyókù sórí páálí kékeré. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ̀rù á sì túbọ̀ ba ẹni tó ń wò ó. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn yín padà, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ sọ “kí n má parọ́.” Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ ni oníbàárà ń ronú nípa ohun tí ẹ ti sọ ṣáájú. Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 10, ẹ múra 7, torí ẹ̀rín, àtakò àti ọmọ tó ń ké á gba ìyókù.

Bí wọ́n bá wá bi yín ní ìbéèrè tí ẹ ò mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹni tó béèrè, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó pè. Bí ìdáhùn kò bá tíì dé nígbà yẹn, ẹ pè é síbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kò tíì dé.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ni nínú iṣẹ́ ọjà títà,
Ìbàdàn.