Bọ́tìnnì ni mo fi kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Aránṣọ ni mí nítòsí ọjà Ìgbóná, ní Òṣogbo níbí. Ọmọkùnrin mi wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni inú máa ń run ún. Mo ti ra oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fẹ̀sọ̀ bi í. Àṣé ẹ̀rù ìṣirò ni! Kí n má purọ́, èmi gan-an wà lára ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" ni mo fi ń kí iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, mi ò lè ránṣọ. Mo da agolo bọ́tìnnì sórí ẹní.

"Ka mẹ́tàdínlógún. Yọ mẹ́sàn-án kúrò."

"Ó ku mẹ́jọ, Mọ́mì."

Mẹ́tàdínlógún fúnra rẹ̀, ogún dín mẹ́ta ni. Ìyọkúrò ti wà lẹ́nu wa tipẹ́! Abájọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, fún odidi ọdún mẹ́fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní igun kékeré nínú ìwé ìròyìn yín, kí olùkọ́ máa fi Yorùbá ṣàlàyé irú iṣẹ́ báyìí fún àwa òbí.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, inú ò run ún. Bọ́tìnnì méjì ni mo bá nínú àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ, Òṣogbo